Káàdì ìdánimọ̀ tó tún jẹ́ ATM: kí ló wà nínú ẹ̀, kí ló sì dé táwọn èèyàn ò fi fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀?

Látìgbà tí NIMC, àjọ tó ń fún wa ní NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀), ti kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 pé àwọn fẹ́ gbé káàdì ìdánimọ̀ tuntun jáde, ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò nílẹ̀. Tó bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan á tún ju fídíò sórí WhatsApp, ìbéèrè á tún bẹ̀rẹ̀: ṣé NIN tá a fi òógùn gbà yẹn ti di òfo ni? Báńkì ló máa fún wa ní káàdì ni àbí ìjọba? Ṣé torí kí wọ́n lè máa ṣọ́ owó wa ni? Ẹnì kan ní káàdì mẹ́ta ni, ẹlòmíì ní ọ̀kan ṣoṣo ni. Mo ti fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo rí ni pé nǹkan méjì ló lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni ike pẹlẹbẹ tó ní chip lára, ohun tó lè ṣe àti ohun tí ò lè ṣe. Èkejì ni ẹni tó fẹ́ fún wa, ta ló máa sanwó ẹ̀, ta ló máa rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìjà tí wọ́n ń jà, èkejì ni wọ́n ń jà lé lórí, ṣùgbọ́n ẹnu chip ni wọ́n ń gbé e gbà.

Kí ni NIMC sọ gan-an?

NIMC ló jọ gbé ètò yìí kalẹ̀ pẹ̀lú Báńkì Àpapọ̀ tá à ń pè ní CBN, àti NIBSS, àwọn tí táńsáfà láti báńkì kan sí òmíì ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Àtẹ̀jáde tí wọ́n fi síta ní káàdì yìí á wúlò fún ìdánimọ̀, á wúlò fún sísan owó, ìjọba á sì lè máa gba orí ẹ̀ ran aráàlú lọ́wọ́ lórí oúnjẹ, owó ọkọ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀, ètò ìlera àti owó yíyá kéékèèké. Ẹni tó bá ti ní NIN ló lè bèèrè fún un, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní báńkì ẹ̀ tàbí ní ọ́fíìsì NIMC, báńkì tí onítọ̀hún ń lò ló sì máa fún un ní káàdì ọ̀hún. Èèyàn á lè so ó mọ́ àkáǹtì kó máa lò ó bí ATM, tàbí kó kọ́kọ́ fi owó sínú ẹ̀ kó tó máa ná an.

Àwọn nǹkan míì wà níbẹ̀ táwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ó máa ní àwọn ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kà bíi ti ìsàlẹ̀ páásípọ́ọ̀tù, ó máa ní fọ́tò àti ìka ọwọ́, wọ́n sì ní á ṣeé lò níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò ti dáa. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì yìí ò ṣeé lóye àfi téèyàn bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú chip, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀.

Kí ló wà nínú chip tí wọ́n fi ń pè é ní smart card?

Ẹ mú ATM yín jáde kẹ́ ẹ yí i padà. Ìlà dúdú tó gùn lẹ́yìn yẹn, ọmọ ìyá kan náà lòun àti téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì tá a fi ń gbọ́ orin láyé ọjọ́sí. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ló máa wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó bá lè kà á lè dà á kọ sórí ike míì, ìdí nìyẹn táwọn gbájúẹ̀ fi máa ń lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹnu ATM kí wọ́n lè ji ohun tó wà lórí ìlà yẹn, wọ́n á wá fi kámẹ́rà wo PIN, ó tán.

Ẹ tún yí i padà sójú. Nǹkan bíi wúrà kékeré tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn kì í ṣe chip o, ibi tí iná àti ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé ni. Abẹ́ ẹ̀ ni chip wà, kò sì tó èékánná ọmọdé. Kọ̀ǹpútà ni lóòótọ́, ó ní ibi tó ti ń ṣírò, ó ní ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, bátìrì ni ò ní. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ POS, iná POS ló ń lò. Èyí tí wọ́n kàn máa ń fi kan ẹ̀rọ lójú, wáyà tín-ín-rín kan ló yí po inú ike náà, ìgbì rédíò tí ẹ̀rọ ń gbé jáde ló ń fún wáyà yẹn níná, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dáadáa, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ibi tó ti wá yàtọ̀ pátápátá sí ìlà dúdú ni pé chip kì í sọ àṣírí ẹ̀ fẹ́nì kankan. Ẹ rántí àlọ́ àpamọ̀ tá à ń pa lálẹ́ nígbà tá a wà lọ́mọdé. Ká ní ẹnì kan ń pa àlọ́ tuntun fún yín lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yin àti ẹ̀ nìkan lẹ mọ ọgbọ́n tẹ́ ẹ̀ ń fi túmọ̀ ẹ̀, ẹni tó bá fetí kọ́ ọ̀rọ̀ yín á gbọ́ ìdáhùn tòní, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi ṣe lọ́la tí àlọ́ bá ti yí padà? Ohun tí chip ń ṣe nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà nínú ẹ̀, báńkì nìkan ló lè mọ̀ bóyá ìdáhùn tó ti ibẹ̀ jáde tọ̀nà. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, ìbéèrè tuntun ló ń wọlé, ìdáhùn tuntun ló ń jáde, kọ́kọ́rọ́ gan-an ò kúrò níbi tó wà. Ní nǹkan bí ọdún 2010 ni CBN mú káwọn báńkì wa yé gbára lé ìlà dúdú, kí wọ́n bọ́ sórí chip, olè jíjà nípa dída káàdì kọ sórí òmíì sì dínkù, àwọn olè wá gba ẹ̀yìn lọ sórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọn ò ti nílò káàdì lọ́wọ́.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Roland Moreno, ló gba ìwé ẹ̀rí lórí tiẹ̀ lọ́dún 1974, àwọn ará Jámánì méjì kan, Helmut Gröttrup àti Jürgen Dethloff, sì ti ń bá irú ẹ̀ bọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Fóònù ìta gbangba nílẹ̀ Faransé ni káàdì yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ láti ọdún 1983. Síímù inú fóònù yín náà, smart card ni, wọ́n kàn gé ike ẹ̀ kúrò títí tó fi kù díẹ̀ ni. Ọdún 1991 ni síímù àkọ́kọ́ jáde ní Finland, ọdún 2001 ni GSM dé ọ̀dọ̀ wa. Téèyàn bá tẹ PIN síímù ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó tì pa, tí wọ́n wá ń bèèrè PUK, nẹ́tíwọ̀kì kọ́ ló tì í, chip fúnra ẹ̀ ló ń kà á.

Ní Èkó, ẹni tó ń wọ BRT tàbí rélùwéè ti mọ òmíì: káàdì Cowry ti LAMATA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà l'Ékòó. Orúkọ ẹ̀ dùn mọ́ mi nínú, owó ẹyọ tí àwọn baba wa fi ń náwó ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ fi owó sínú ẹ̀, ẹ fi kan ẹ̀rọ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wọlé, ẹ fi kàn án nígbà tẹ́ ẹ̀ ń jáde, ó tán, kò sí PIN, kò sí ṣéńjì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2, òun náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tí NIMC ń sọ ni pé ike kan ṣoṣo á ṣe iṣẹ́ Cowry, á ṣe iṣẹ́ ATM, á tún ṣe iṣẹ́ ìdánimọ̀.

Ṣé ọ̀kan ni àbí mẹ́ta?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọ̀rọ̀ jáde láti NIMC pé káàdì mẹ́ta ló ń bọ̀, ọ̀kan tó so mọ́ báńkì, ọ̀kan fún ìrànwọ́ ìjọba, ọ̀kan tó bá ti ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, mu tó jẹ́ pé ẹni tó bá wù ló máa gbà á. Àwọn èèyàn figbe ta, pé ṣé a fẹ́ máa gbé káàdì bí ẹni gbé ayò ni. Kò pẹ́ tí NIMC fi tún ọ̀rọ̀ náà sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni, ìlò ẹ̀ ló pọ̀.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ téèyàn bá wò ó láti inú chip. Chip tòde òní dà bí agbo ilé. Ẹnu ọ̀nà kan la máa ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n yàrá lóríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, oníyàrá kọ̀ọ̀kan ló ni kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Báńkì ń lo yàrá tiẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ìka ọwọ́ yín wà. Ẹ̀rọ tó wà ní bọ́dà lè ka yàrá ìdánimọ̀ kó má mọ iye tó wà nínú àkáǹtì yín. Ohun tó ṣeé ṣe nìyẹn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín yàrá káàdì tiwa, ẹni tó ṣètò ẹ̀ ló máa sọ ọ́, ibẹ̀ gan-an làwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ sì dúró sí.

Ti ECOWAS yẹn ò ṣe pàtàkì lójú ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, àmọ́ ẹ bi àwọn ìyá oníṣòwò tó ń gba Sèmè tàbí Ìdìrókò kọjá lọ sí Kútọnu àti Àjàṣẹ́, àwọn tí ẹbí wọn wà lódì kejì bọ́dà, wọ́n á sọ ohun tí ojú wọn ń rí lórí ìwé fún yín. Àwọn olórí ECOWAS ti fẹnu kò lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2014, Sẹ̀nẹ̀gà ló kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ jáde lọ́dún 2016.

Ṣé wọ́n lè máa fi tọpinpin mi? Ṣé ẹni tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lè fa owó mi?

Káàdì ò ní bátìrì, kò ní GPS, tó bá ti wà nínú pọ́ọ̀sì yín ó kú sùn ni. Kò lè máa sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti fi kan ẹ̀rọ, àkọsílẹ̀ ń wà níbẹ̀, ìgbà wo ni, ibo ni, èló ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ àti ẹni tó ń ṣe kòkárí owó ni àkọsílẹ̀ yìí ń wà, kò sí nínú ike. Tí ike kan bá wá ń ṣe gbogbo ẹ̀, ọkọ̀, oògùn, ọjà, báńkì, ẹni tó bá lè kó àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn jọ á mọ ohun tó pọ̀ nípa èèyàn. Torí náà ẹni tó ń sọ pé chip ń ṣọ́ òun ń fi ọwọ́ kan nǹkan gidi, ó kàn na ọwọ́ sí ibi tí kì í ṣe ibẹ̀.

Ti ẹni tó ń kọjá lọ, ẹ̀rọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ káàdì, báńkì sì sábà máa ń fi gbèǹdéke sí owó tí káàdì lè san láìtẹ PIN. Ewu ibẹ̀ kéré, kò sọ pé kò sí rárá.

Kí ló dé tá à ń ṣe káàdì léraléra?

Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń mi orí tí wọ́n bá ti gbọ́ káàdì ìdánimọ̀ tuntun, wọn ò sì jẹ̀bi. Láti ọdún 1979 nìjọba ti dá ẹ̀ka tó ń mójú tó o sílẹ̀. Lọ́dún 2001 wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ SAGEM ti ilẹ̀ Faransé, mílíọ̀nù 214 dọ́là. Wọ́n forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ́dún 2003, àwọn tó tò sórí ìlà nínú oòrùn pọ̀, àwọn tó rí káàdì gbà ò tó nǹkan, nígbà tó fi máa di ìparí ọdún yẹn ọ̀rọ̀ ti di ti rìbá, àwọn kan tó wà nípò ńlá dèrò kóòtù.

Òfin tó dá NIMC sílẹ̀ jáde lọ́dún 2007, òun ló mú NIN wá, ó sì wà nínú òfin yẹn pé kí wọ́n máa fún aráàlú ní káàdì. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí ti tuntun l'Ábújá, chip wà lára ẹ̀, ó ṣeé sanwó, orúkọ MasterCard sì wà lára ẹ̀. Mílíọ̀nù 13 ni wọ́n ní àwọn á fi bẹ̀rẹ̀. Àmì MasterCard yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀, àwọn kan ní kí ni ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń wá lórí ìwé ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ láti ìgbà yẹn ò fojú kan káàdì títí dòní, slip bébà ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti lámínétì ẹ̀ títí ó ti pọ́n. NIMC náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nọ́ńbà ni ohun tó ṣe pàtàkì, wọ́n gbé áàpù jáde tó ń gbé NIN sórí fóònù. Ìgbà tí wọ́n wá padà sórí ọ̀rọ̀ káàdì lọ́dún 2024 ló jẹ́ káwọn èèyàn máa bèèrè pé ọ̀rọ̀ wo la ó wá gbà.

AfriGO tí wọ́n ní káàdì yìí máa lò ńkọ́?

Ó jọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lára ọ̀rọ̀ MasterCard ọjọ́sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, CBN àti NIBSS gbé AfriGO kalẹ̀, ètò káàdì tiwa-n-tiwa, irú èyí tí Íńdíà ń pè ní RuPay, tí Ṣáínà ń pè ní UnionPay. Tẹ́ ẹ bá fi Visa tàbí MasterCard ra ẹran ní Bódìjà, ẹ̀yin àti alápatà jọ wà n'Íbàdàn, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ òkèèrè ló ni ojú ọ̀nà tí owó yẹn gbà, wọ́n sì ń gba owó lórí ẹ̀. CBN ní AfriGO á dín owó tó ń jáde lọ kù, àkọsílẹ̀ òwò wa á sì máa gbé nílé. Àwọn míì sọ pé Verve ti wà tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, wọ́n ń bèèrè ìdí tí ìjọba fi ní láti gbé tiẹ̀ dìde tó sì tún so ó mọ́ káàdì ìdánimọ̀, pé ṣé torí kó lè tà ni.

Kí làwọn tó fẹ́ ẹ ń sọ, kí làwọn tí ò fẹ́ ẹ ń sọ?

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ẹ jẹ́ ká rántí abúlé. Ìyá àgbà tí ò ní fóònù tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, báwo ló ṣe máa fi áàpù hàn pé òun ni? Nọ́ńbà 11 tó wà lórí bébà ò lè fi hàn pé òun gan-an ló ni ín, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà NIMC, nẹ́tíwọ̀kì sì lè lọ fún ọjọ́ méjì. Káàdì tí ìka ọwọ́ wà nínú chip ẹ̀ lè fi ìka ìyá wéra níbẹ̀ ní kíá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí owó ìrànwọ́ bá sì ń gba inú ẹ̀ wọlé, àwọn tó ń jẹ lára ẹ̀ ò ní rí àyè tó pọ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì yìí ló lágbára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Àwọn tí ò fẹ́ ẹ náà ò sọ̀rọ̀ òfo. Àwọn kan ń wo owó: àlàyé tó jáde láti NIMC lọ́dún 2024 kan náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ káàdì máa sanwó ẹ̀, wọ́n wá ní a ti ní NIN, BVN, páásípọ́ọ̀tù, láísẹ́nsì àti PVC, kí la tún ń ra òmíì sí? Àwọn kan ń wo ààbò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, figbe ta pé àwọn wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan ń ta ìsọfúnni NIN àwọn èèyàn ní ₦100 péré. NIMC sọ pé ẹnì kankan ò fọ́ ibi tí àwọn kó o pamọ́ sí. Ohun tí àwọn alátakò ń sọ ni pé òfin ààbò dátà ti wà láti ọdún 2023, kí wọ́n fi òfin yẹn dí ihò tó wà nílẹ̀ ná kí wọ́n tó kó owó àti ìka ọwọ́ wa síbì kan náà.

Ibì kan wà tí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ pàdé. Ẹgbẹ́ kan ń sọ̀rọ̀ nípa ike, èkejì ń sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lẹ́yìn ike. Chip tó dáa jù láyé ò lè dáàbò bo ohun tí òṣìṣẹ́ kan bá tà láti ẹ̀yìn.

Àwọn orílẹ̀-èdè míì ńkọ́?

Estonia ni gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti ní káàdì oníchip, òun ni wọ́n fi ń buwọ́ lùwé, òun ni wọ́n fi ń dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2017 àwọn onímọ̀ rí àbùkù nínú bí chip ṣe ń ṣe kọ́kọ́rọ́ àṣírí, káàdì bíi 760,000 ló kàn, ìjọba wọn sọ ọ́ síta fún gbogbo ayé, wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ àwọn káàdì náà pa ní oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí oníkálukú gba tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní ọ́fíìsì. Wọ́n rí i tún ṣe torí pé ọ̀nà àtitún un ṣe ti wà nílẹ̀ kí wàhálà tó dé.

Íńdíà gba ọ̀nà míì. Aadhaar tiwọn, nọ́ńbà 12 ni, ìka àti ojú lẹ̀rọ fi ń wádìí ẹni lórí nẹ́tíwọ̀kì, kò sí chip kankan tó pọn dandan. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, lọ́dún 2018 wọ́n sì dájọ́ pé báńkì àti ilé iṣẹ́ fóònù ò lè fi Aadhaar ṣe dandan fún oníbàárà. Ó dá mi lójú pé ẹjọ́ yẹn máa yé ọmọ Nàìjíríà tó ti tò sórí ìlà láti so NIN mọ́ síímù lẹ́yìn àṣẹ oṣù kejìlá ọdún 2020.

Ṣé slip mi ṣì dáa? Kí ló yẹ kí n ṣe báyìí?

NIN yín ò yí padà, nọ́ńbà yẹn kan náà ni káàdì máa gbé, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àṣẹ tí CBN pa ní oṣù kejìlá ọdún 2023, tó ní kí wọ́n ti àkáǹtì tí ò ní BVN tàbí NIN láti oṣù kẹta ọdún 2024, nọ́ńbà ló béèrè, kò béèrè ike. Tí àṣìṣe bá wà nínú orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí yín lórí slip, tàbí tí ti báńkì bá yàtọ̀ sí ti NIMC, ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ tún ṣe ná, torí ohun tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n máa kọ sínú chip. Ẹni tó bá sì fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín pé kẹ́ ẹ kọ NIN, nọ́ńbà ATM àti PIN síbẹ̀ kẹ́ ẹ lè tètè rí káàdì gbà, ẹ má dá a lóhùn, NIMC àti báńkì ò ní bèèrè PIN yín láé.